Ibi Tó Yẹ Kí A Fi Àmì Sí: Láti Máàpù Mọ́ọ̀lù dé Oníkan

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré orí fóònù, tí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín létí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ti rí àwọn máàpù onífọwọ́tẹ̀ tó máa ń dúró sí àbáwọlé mọ́ọ̀lù, tó ga tó ènìyàn, tí iná ń tàn lójú rẹ̀, tí a ń fi ìka tẹ̀ kí a lè mọ àjà tí ṣọ́ọ̀bù bàtà wà àti ọ̀nà tí a óò gbà dé sinimá. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi àkíyèsí tó yẹ kí a fi àmì sí lórí máàpù ìlú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi àmì sí ère, sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, sí mọ́ṣáláṣí tàbí sí ọgbà ìtura? Ní kúkúrú, ṣé máàpù lè di ibi àkíyèsí lórí máàpù?

Èmi kò sí lára àwọn tó ń ṣe eré náà. Àbúrò mi kan, ọmọ àǹtí mi, tó ń kàwé ní Yunifásítì Èkó, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. Pokémon GO ni ó ń ṣe, eré tí wọ́n gbé jáde ní 2016, tí kò ṣeé jókòó sínú ilé ṣe. Dandan ni kí ènìyàn dìde, kí ó rìn dé ibi gidi kan, kí ohun kan tó lè ṣẹlẹ̀ lójú fóònù rẹ̀. Àwọn ibi gidi wọ̀nyí kò kàn hù bí olú. Niantic, ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré náà, ti ṣe òmíràn ṣáájú ní 2012 tí wọ́n pè ní Ingress, àwọn tó ń ṣe é ni wọ́n sì ń ya fọ́tò ibi tó wú wọn lórí, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Láti 2019 ni ètò kan tó ń jẹ́ Wayfarer ti wà, níbi tí àwọn òṣèré fúnra wọn ti ń ṣe ìdájọ́ ibi tí ẹlòmíràn bá dábàá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bóyá ibẹ̀ dára fún ìrìn àwárí, bóyá ó dára fún eré ìdárayá, tàbí bóyá ó dára fún kí ènìyàn bá ènìyàn pàdé. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá ti wà, ọ̀nà ti ṣí. Àbúrò mi fẹ́ dábàá máàpù onífọwọ́tẹ̀ inú mọ́ọ̀lù kan ní ìhà Lẹ́kí. Ó ní ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń fi ìpàdé sí, ó sì ní máàpù ni ìyá àwárí.

Mo sọ fún un pé ìbéèrè méjì ni ó so mọ́ ara wọn. OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún, ní àmì fún pátákó máàpù, ó sì ní òmíràn fún ẹ̀rọ tó ń fúnni ní ìtọ́sọ́nà. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá nǹkan náà lẹ́wà tàbí bóyá ó ní ìtàn. Bí ó bá ti wà, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Ibi àkíyèsí yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó bá fi àmì ibi àkíyèsí sí nǹkan ń ké sí àjèjì pé kí ó dìde níbi tó wà, kí ó wá wo ohun tó wà níbí. Ìlérí ni ó ń ṣe, ẹni tó bá sì wọ mọ́tò méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó nítorí ìlérí náà ní ẹ̀tọ́ láti bá nǹkan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé parí lórí àga. Mo ní kí ó pàdé mi ní Oníkan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kí a fi ẹsẹ̀ dán an wò. Oníkan ni mo mú nítorí pé, ní gbogbo Èkó, n kò mọ ibòmíràn tí ohun tó yẹ ní àmì ti sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ní ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù Èkó ni ó wà, ọ̀sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìkòyí ní iwájú rẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó ní ẹ̀yìn rẹ̀, ènìyàn sì lè rìn ín já kí omi inú ọ̀rá tó tutù ní ọwọ́ rẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Tafawa Balewa Square ni a ti bẹ̀rẹ̀. TBS ni gbogbo Èkó ń pè é. Ẹṣin funfun ńlá mẹ́rin ló wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ idì pupa méje, àbúrò mi sì jẹ́wọ́ pé òun ti gba abẹ́ wọn kọjá láìmọye ìgbà láìbi ara òun ohun tí ẹṣin ń ṣe níbẹ̀. Pápá ìsáré ẹṣin ni ilẹ̀ yìí ní ayé àwọn Òyìnbó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru tó mọ́ ọjọ́ 1 oṣù October ọdún 1960, tí wọ́n fa àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun sókè. Ní 1972 ni wọ́n kọ́ gbàgede tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹṣin ló wà lókè báyìí, níbi tí ẹṣin ti sáré nísàlẹ̀ nígbà kan. Kò sí pátákó tó fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ẹni tó ń kánjú lọ wọ BRT, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní lè wo ẹnu ọ̀nà náà bí ẹnu ọ̀nà lásán mọ́.

Ọjà tún wà ní TBS. Ṣọ́ọ̀bù ló yí gbàgede náà ká: ilé oúnjẹ, àwọn tó ń bá ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, àwọn tó ń ṣe fótókọ́pì, àwọn aránṣọ. Bí a bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́, mọ́ọ̀lù ni, bí kò tilẹ̀ ní dígí àti ẹ̀rọ amúlétutù. N kò rí máàpù onífọwọ́tẹ̀ kankan níbẹ̀. A nílò ẹni tí yóò tẹ ìwé jáde fún àbúrò mi, a sì bi màmá kan tó ń ta omi àti bisikíìtì. Ó ní, "Ẹ máa lọ tààrà, ẹ̀yin ọkọ mi. Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń rán bàtà, ẹ má yà o. Àwọn ènìyàn máa ń yà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún aago ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a sì bá a. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó fi ibi tí a kò gbọdọ̀ yà sínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Ó mọ ibi tí àjèjì ti ń ṣìnà, ó sì fi àmì síbẹ̀. N kò tíì rí ẹ̀rọ inú mọ́ọ̀lù tó mọ irú èyí. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹni tí a bá bi ni iṣẹ́ pọ̀ sí lọ́wọ́ jù.

Kí wá ni ìdí tí mọ́ọ̀lù fi nílò máàpù, tí Oníkan kò fi nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Victor Gruen, ayàwòrán ilé tó sá kúrò ní Vienna nígbà tí àwọn Násì gba ibẹ̀ ní 1938, ni ó ya Southdale ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣí i ní 1956, òun sì ni mọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan, tí ẹ̀rọ ń mú kí ojú ọjọ́ inú rẹ̀ jẹ́ bákan náà láti January dé December. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní òjò, kò sì ní oòrùn. Kò sí òjìji tí yóò sọ fún ọ pé ọwọ́ alẹ́ ti ń lẹ́, kò sí afẹ́fẹ́ ọ̀sà tí yóò fi ìhà tí omi wà hàn ọ́. Iwájú jọ ẹ̀yìn, òkè jọ ìsàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan dojú kọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ mìíràn. Kò sì bí àwọn ọlọ́jà nínú pé kí oníbàárà ṣáko díẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣáko ni ó máa ń ra ohun tí kò ní lọ́kàn láti rà. Gruen fúnra rẹ̀ padà sí Vienna ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ohun tí àwọn oníṣòwò fi èrò rẹ̀ ṣe lọ́mọ. Máàpù onífọwọ́tẹ̀ jẹ́ oògùn fún àìsàn tí ilé náà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ní 1960 kan náà tí wọ́n sọ àsíá kalẹ̀ ní Oníkan ni Kevin Lynch, onímọ̀ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé rẹ̀ The Image of the City jáde. Ó ti bi àwọn ará Boston, Jersey City àti Los Angeles pé kí wọ́n fi ọwọ́ ya ìlú wọn láìwo nǹkan kan, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rìn láti ilé dé ibi iṣẹ́. Nínú ohun tí ó rí ni pé ibi tí àwọn ènìyàn fi ń dá ìlú mọ̀ máa ń jẹ́ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tó yí i ká, tí kò sí èkejì rẹ̀ ní àdúgbò. Ìwọ̀n tí mo fẹ́ fún àbúrò mi nìyẹn. Gbé máàpù onífọwọ́tẹ̀ inú mọ́ọ̀lù Lẹ́kí, kí o gbé e lọ sí mọ́ọ̀lù kan ní Ìbàdàn, kí o yí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ padà: kí ni ó sọnù ní Lẹ́kí? Wàyí o, gbé ẹṣin mẹ́rin yẹn lọ sí Ìbàdàn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má tíì yọ̀."

A ti dé ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré nígbà yẹn. Fóònù rẹ̀ pè é ní Mobolaji Johnson Arena. Ọkùnrin tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lójú ọ̀nà pè é ní Onikan Stadium. Bàbá mi, bí ó bá wà pẹ̀lú wa, kì bá ti pè é ní nǹkan mìíràn ju King George lọ, nítorí orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Mobolaji Johnson ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1967 dé 1975, ó sì yẹ ní ẹni tí à ń fi nǹkan sọ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ọlọ́kadà àná tàbí oní-kẹ̀kẹ́ tòní gbé yín lọ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun náà, ẹ ó dúró pẹ́. Ibi kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́ta, ìran mẹ́ta. CMS náà ń bẹ nítòsí, ibùdókọ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní erékùṣù yìí. Ẹ bi àwọn tó ń ké "CMS! CMS!" lẹ́nu ọ̀nà dánfó ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún, kí ẹ sì gbọ́ oríṣiríṣi. Ìjọ Ajíhìnrere tó rán àwọn míṣọ́nnárì wá ni, tí ilé ìtàwé wọn wà ní àdúgbò náà. Orúkọ náà ti jábọ́ kúrò lára ìjọ, ó ti di ti bọ́ọ̀sì.

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè ni a wọ̀ lẹ́yìn náà. Kenneth Murray, Gẹ̀ẹ́sì tó wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọnà tí ó sì di olùṣọ́ iṣẹ́ ọnà wọn, ni ó dá a sílẹ̀, ní 1957 ni wọ́n sì ṣí i. Ère amọ̀ Nok wà níbẹ̀, iṣẹ́ idẹ Benin àti ti Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àbúrò mi dúró sí pẹ́ jù ni iwájú mọ́tò dúdú kan, Mercedes-Benz tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù February ọdún 1976, tí ojú ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní mọ́tò yìí kì í ṣe àràmàǹdà nígbà tí wọ́n ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ti ṣe irú rẹ̀ púpọ̀, a sì lè gbé e láti ìlú kan dé òmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni ó sọ ọ́ di ohun àkíyèsí. Nítorí náà, ó ní, kò yẹ kí n sọ pé ẹ̀rọ máàpù kò lè yẹ láéláé nítorí pé wọ́n ṣe é ní ọ̀pọ̀.

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi àpẹẹrẹ kún un fún un. Ní 1937 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ kan sí àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris: máàpù ńlá tó ní bọ́tìnnì fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Tí o bá tẹ ibi tí o ń lọ, àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ yóò tàn láti ibi tí o dúró sí dé ibẹ̀. PILI ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ inú mọ́ọ̀lù Lẹ́kí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Àwọn àgbà Paris ṣì ń rántí bí àwọn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ṣeré ní kékeré. Ní London, Harry Beck ya máàpù ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1933, tí ìlà rẹ̀ gún régé bí ìlà wáyà iná, tí gbogbo ayé ti ń fi ṣe àwòkọ láti ìgbà náà. Ní ibùdó Finchley Central, wọ́n fi máàpù náà sára ògiri pẹ̀lú àkọlé ìrántí ọkùnrin náà. Àjèjì sì ń lọ wò ó. Máàpù tó jẹ́ ibi àkíyèsí lórí máàpù nìyẹn, láìsí àní-àní.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àkókò ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lò wọ́n, wọ́n ti kùnà, wọ́n ti tọ́, wọ́n ti dàgbà. Èyí tó wà ní Lẹ́kí lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí wọn kò bá ti fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yà rẹ̀ bá di àtijọ́ ní ọdún márùn-ún sí i. Kò tíì dé ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àbúrò mi sọ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń pàdé ní mọ́ọ̀lù náà ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Máàpù yẹn ni ó fi ń mọ ibi tí lífítì wà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbà á. Kò fẹ́ràn kí ó máa bi ènìyàn, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí ẹni tí ó bi yóò sáré di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú láti tì í lọ láìgba àṣẹ. Gbogbo ìyìn tí mo fún màmá oní-bisikíìtì ní TBS kò wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bí ẹ̀rọ tí kì í sọ̀rọ̀. Mo sì wo àyíká wa ní Oníkan pẹ̀lú ojú yẹn: gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ níbí, mọ́tò tí wọ́n gbé sórí ibi ìrìn-ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún, àtẹ̀gùn láìsí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ìrìn wa, n kò rí pátákó kan tó sọ fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ibi tí yóò gbà. A fẹnu kò lórí èyí láìjiyàn: máàpù mọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ wà nínú OpenStreetMap, pẹ̀lú lífítì rẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, kí ènìyàn lè rí i láti ilé kí ó tó jáde. Ohun tó wúlò yẹ kó ṣeé rí. Pé kí a ké sí àjèjì láti wá wò ó ni mo ṣì ń kọ̀.

A dá ojú kọ John Randle Centre, ilé gbẹ̀ǹdù tó ń sọ ìtàn àti àṣà Yorùbá. Dókítà J. K. Randle ni ó fi owó ara rẹ̀ ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí àdúgbò yìí fún àwọn ọmọ Èkó, tí ó parí ní 1928, nítorí pé ìjọba Òyìnbó kò ṣe é fún wọn. Adágún àtijọ́ náà ti lọ. Seun Oduwole ni ó ya ilé tuntun tó dìde níbẹ̀, Ààrẹ Buhari sì ṣí i ní January 2023. Adágún tuntun wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún ohùn, fún àwòrán tó ń rìn àti ojú ẹ̀rọ tó ń tàn, àbúrò mi kò sì jáfara láti fi ìgúnpá gún mi pé ẹ̀rọ náà kọ́ ni wọ́n ń lò níbí? Mo ní ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ju ara rẹ̀ lọ. MUSON Centre wà nítòsí, gbọ̀ngàn orin tí wọ́n kọ́ sí ibi tí Love Garden wà tẹ́lẹ̀, ọgbà tí àwọn olólùfẹ́ Èkó ti ń ná ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú wọn. Freedom Park, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street nígbà kan, tí Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ ti sùn sí, ni a ti jẹun ọ̀sán. Láti 2010 ni ó ti di ọgbà ìtura. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni wọ́n kọ́ ìtàgé sí. N kò tíì lè jókòó wo eré níbẹ̀ láìrántí.

Gbogbo ìwọ̀nyí ní àmì lójú fóònù àbúrò mi, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn. Nítorí náà ni mo fi ní kí a gba Broad Street títí dé Tinúubú.

Ní Tinúubú Square ni Ilojo Bar wà. Ìdílé Fernandez, lára àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá, ni ó kọ́ ọ ní àárín ọ̀rúndún 19. Fèrèsé rẹ̀ ní orí rìbìtì, iṣẹ́ ọnà sì wà lára ògiri rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà Àgùdà mọ̀ ọ́n ṣe tí a kò tún rí ẹni ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 1956, ọdún kan náà tí Southdale ṣí, ni ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí òfin ń dáàbò bò. Ní oṣù September ọdún 2016, wọ́n gbé katakata wá, wọ́n sì wó o lulẹ̀. Ọdún 2016 yẹn náà ni Pokémon GO jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ kárí ayé ń rìn kiri ìgboro tí wọ́n ń wá ibi tó yẹ ní àmì.

N kò sọ pé àmì lórí fóònù ì bá ti dá katakata dúró. Òfin tìkára rẹ̀ kò dá a dúró. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ni pé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò bá ti ń dé, tí ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò rẹ̀, tí a kì í fi júwe ọ̀nà, irọ̀rùn ni ó máa ń jẹ́ láti wó o ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ariwo tó sọ. Pópó Àgùdà ṣì ní ilé mìíràn, ní Bámgbóṣé àti ní ìhà Campos, tí ọjọ́ orí wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, tí òrùlé wọn ti ń jò. Bí ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ bá ń lo ìrọ̀lẹ́ wọn láti jiyàn lórí ẹ̀rọ inú mọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wó, tí ilé wọ̀nyí kò ní fọ́tò kan lójú máàpù, a ti ń ná àkíyèsí wa sí ibi tí kò ti tán.

Ó bi mí bóyá òun lè dábàá Ilojo Bar. Kò lè ṣe é. Òfin eré náà ni pé ohun gidi tó wà lórí ilẹ̀ ni a lè dábàá, OpenStreetMap náà sì ń yọ ohun tí a bá ti wó. Ó dúró díẹ̀, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun yóò pa mọ́ọ̀lù tì, àti pé ní Sátidé tó ń bọ̀, Bámgbóṣé ni òun ń lọ, òun yóò sì mú àwọn ọ̀rẹ́ òun dání, títí kan ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́, kí ó lè sọ fún wọn ilé tó ṣeé sún mọ́ àti èyí tí kò ṣeé sún mọ́.

Kí a tó wọ ọkọ̀ padà, ó fẹ́ mọ ibi tí ilé náà dúró sí gan-an. Fóònù kò sọ nǹkan kan. Bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn ń ká ẹrù rẹ̀ nílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ibo ni Ilojo..." Kò jẹ́ kí n parí orúkọ náà. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ibi kan ní òdìkejì. "Ibẹ̀ yẹn ni. Ẹ yẹra fún mọ́tò o." Ó sì ń bá ẹrù rẹ̀ lọ.